Bí Òmùgọ̀ Ṣe Ń Se Birria Ramen ní Kika

Oúnjẹ kan wà tí Mexico àti Japan jọ bí. Birria ramen ni orúkọ rẹ̀: ẹran màlúù tí a fi ata gbígbẹ sè títí ó fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, tí omi ọbẹ̀ rẹ̀ pupa fòò, tí a wá da núdù sí. Ọlọ́gbọ́n lè sè é ní Kika lónìí láì jáde kúrò ní agbègbè Tchaourou ní Benin. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kò nílò mi. Àwọn òmùgọ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, torí wọ́n pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kọ nǹkan fún wọn. Ìwọ sáà tẹ̀ lé mi ní ẹsẹẹsẹ. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé ajá ilé rẹ pàápàá kò ní jẹ ohun tí o bá sè.

Ìkíní: Bẹ̀rù oúnjẹ náà

Má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti wá. Gbà pé àwọn ọba ayé àtijọ́ ló ń jẹ ẹ́. Bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé Antonio de Livier, alásè kan ní Mexico City, ló gbé e jáde ní nǹkan bí 2015, sọ pé irọ́ ni. Bí ó bá tún sọ pé ramen fúnra rẹ̀, ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà ni Japan ti gbà á, pé ilé oúnjẹ Rairaiken tó sọ ọ́ di olókìkí kò tíì ṣí ní Asakusa ní Tokyo kí ó tó di 1910, bínú dìde. Birria ramen tí àbúrò rẹ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ọjọ́ orí jù ni o gbọ́dọ̀ máa dọ̀bálẹ̀ fún.

Ohun kan tún wà tí o kò gbọ́dọ̀ gbọ́: ẹran ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń se birria, ìyẹn ọbẹ̀ ata náà láìsí núdù, ní Jalisco, ìpínlẹ̀ Mexico tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Tijuana ló wá fi màlúù sè é ní àwọn ọdún 1950. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ilé rẹ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Lé wọn lọ.

Ìkejì: Wá ata lọ sí ibi tó jìnnà

Wọ́n ní kí o wá ata gbígbẹ Mexico, ìyẹn guajillo, ancho àti árbol. Gun zémidjan lọ sí Parakou. Yí ọjà Arzèkè ká títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí o kò bá rí i, pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní Cotonou, kí òun náà pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Paris. San owó tó tó ra iṣu tí ilé rẹ yóò jẹ fún oṣù kan, kí wọ́n fi ata ẹ̀kúnwọ́ kan ránṣẹ́ sí ọ.

Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ dán wò ni kí o yà sọ́dọ̀ ìyá aláta tó jókòó sí ọjà ìlú rẹ. Bí o bá yà síbẹ̀, o ti gbọ́n nìyẹn. Tàtàsé àti ṣọ̀mbọ̀ tó wà nínú àtẹ rẹ̀, ìran kan náà ni wọ́n pẹ̀lú guajillo, ancho àti árbol. Capsicum annuum ni àwọn onímọ̀ ń pè gbogbo wọn. Mexico gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín. Ọkọ̀ àwọn Potogí ló gbé ata ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé etíkun wa lẹ́yìn 1500. Kí ó tó dé, ataare àti ìyèré ni àwọn ìyá ńlá wa fi ń mú ọbẹ̀ ta. Àgbàdo ilẹ̀ yẹn bá ọ̀nà òkun wá, tòmátì náà bá a wá. Ata Mexico ti pẹ́ ní Kika débi pé ó ti di ọmọ onílé, ó ń dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ìwọ lò ń wá a lọ sí Paris.

Bí ata Paris kò bá tètè dé, fi rodo rọ́pò rẹ̀. Ṣé guajillo mẹ́wàá ni wọ́n wí? Ka rodo mẹ́wàá sí i, má dín in. Guajillo kì í sábà ju 5,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Scoville tí wọ́n fi ń wọn bí ata ṣe ń ta tó. Rodo ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 100,000. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: agbára guajillo igba lo kó sínú ìkòkò kan. Bí o bá sunkún nídìí àwo, ẹkún àṣerégèé nìyẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹkún gidi.

Ìkẹta: Ra ẹran olówó

Alápatà yóò fi ẹran ojúgun hàn ọ́, èyí tí iṣan pọ̀ nínú rẹ̀. Yóò fi ìrù hàn ọ́, yóò fi eegun tí mùdùnmúdùn wà nínú rẹ̀ hàn ọ́. Yínmú sí i. Sọ fún un pé ẹran tí kò ní iṣan, tí kò ní ọ̀rá, tí kò ní eegun lo fẹ́, torí pé ìwọ kì í ṣe mẹ̀kúnnù.

Màlúù Borgou tí àwọn Fúlàní ń dà kiri ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ìdí omi dé ìdí koríko ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ni adùn rẹ̀ fara pamọ́ sí. Iṣan tó le yẹn, bí ó bá pẹ́ lórí iná jẹ́jẹ́, á yọ́ sínú omi ọbẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki, kí ètè lẹ̀ pọ̀ bí a bá mu ún. Ẹran olówó tìrẹ kò ní ohun tí yóò yọ́. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ lórí iná ni yóò máa gbẹ, títí wàá fi máa fà á bí okùn kànga.

Ìkẹrin: Kánjú

Wákàtí mẹ́ta ni ẹran náà ń gbà. Ta ló ní wákàtí mẹ́ta? Ìwọ tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀, tó ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù?

Èédú tí wọ́n ń sun ní agbègbè Tchaourou ń lọ dé Cotonou, àwọn ará ibẹ̀ sì fi ń dáná jẹ́jẹ́. Ìwọ, ra gáàsì, ṣí i dé òpin. Jẹ́ kí ìkòkò máa hó kutupà-kutupà, kí omi máa ta dànù. Máa ṣí ìdérí wò ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, kí ooru máa jáde, kí àwọn aládùúgbò lè mọ̀ pé o ń se nǹkan. Bí ẹran bá ṣì le, bu káún ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Yóò rọ̀ lóòótọ́, ẹnu rẹ yóò sì máa rùn bí ọṣẹ títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Ní ti pípọ́n, ata tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì sẹ́, òun àti ọ̀rá ẹran tó léfòó ló ń mú kí ọbẹ̀ yìí pọ́n. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Da ìgò epo pupa kan sí i. Kànáfùrù mẹ́ta ni wọ́n wí? Da odidi àpò rẹ̀ sí i. Kò sí Maggi nínú birria; fi mẹ́fà sí i.

Ìkarùn-ún: Pa núdù náà

Momofuku Ando ló gbé núdù oníṣẹ́jú díẹ̀ jáde ní Japan ní 1958. Ó din ín nínú òróró kí ó lè gbẹ, kí omi gbígbóná lè tètè wọ inú rẹ̀. Nàìjíríà ti ń ṣe Indomie fúnra rẹ̀ láti 1995, ẹnubodè rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni núdù ń lò nínú omi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwọ, kó o sínú ìkòkò ẹran, kí o lọ kí ẹni tó bímọ ní òpin àdúgbò. Nígbà tí o bá máa fi dé, ọbẹ̀ rẹ ti di kókó.

Bí wọ́n bá ní kí o wá kansui, omi tí àwọn ará Japan fi ń po ìyẹ̀fun ramen kí ó lè le, kí ó sì ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, máa retí ọkọ̀ ojú omi. Sodium carbonate wà nínú kansui, ó sì wà nínú káún tí ìyá rẹ fi ń se ẹ̀wà. Ẹni tó bá yọ́ káún díẹ̀ sínú omi, tó sẹ́ iyanrìn inú rẹ̀ dànù, tó fi omi náà bọ sìpàgẹ́tì, yóò rí nǹkan tó sún mọ́ ramen gan-an. Kò kàn ọ́. Ìwọ ti da gbogbo káún rẹ sínú ẹran.

Ìkẹfà: Pe àna rẹ

Má tọ́ ọ wò. Bù ú sínú àwo pẹrẹsẹ, kí omi rẹ̀ lè dà sí aṣọ àlejò. Pe bàbá ìyàwó rẹ. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lèyí, sọ pé àwọn ará ìlú yìí ò lajú. Bàbá yóò fi ṣíbí kan ẹnu, wọ́n á gbé omi mu, wọ́n á nu ojú, wọ́n á sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé, "Ọmọ mi, a dúpẹ́ o. Ṣé iyán ò kù nílé?"

Ó tán. Bí ẹnikẹ́ni tí kò gọ̀ bá ṣì wà níbí, èyí ni tìrẹ. Sá tàtàsé mẹ́wàá àti ṣọ̀mbọ̀ méjì sóòrùn kí wọ́n gbẹ. Rẹ wọ́n, lọ̀ wọ́n pẹ̀lú tòmátì, àlùbọ́sà, aáyù àti kànáfùrù mẹ́ta. Se kílò méjì ẹran ojúgun nínú rẹ̀ tòun ti eegun, lórí èédú jẹ́jẹ́, kí o dé e pa fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ sìpàgẹ́tì lọ́tọ̀ nínú omi káún, kí o bu ọbẹ̀ àti ẹran lé e. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, kí o rẹ́ àlùbọ́sà tútù sí i. Ẹni tí kò bá lè dúró ti ìkòkò fún wákàtí mẹ́ta, kí ó padà sídìí iyán. Iyán kò ní dójú tì í níwájú àna.