Ẹ Wá Gbọ́ Ìbéèrè tí Wọ́n Ń Bi Ọmọ Yunifásítì!

Ẹ sún mọ́ mi, kí ará ilé kejì má baà gbọ́. Olùkọ́ yunifásítì kan, dókítà gidi o, ló ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jíròrò lórí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1970. Ìbéèrè wo ló bi wọ́n? "Ta ni Adétutù?"

Họ́wù! Ẹrú tó lóyún fún Ìtáwuyì, tí Ẹfúnṣetán torí oyún náà ní kí wọ́n bẹ́ lórí. Ó parí. Kí ló kù tí odidi kíláàsì fẹ́ jókòó jíròrò? Wọ́n ní bí ẹnì kan ṣe dáhùn tán báyìí, kẹ́kẹ́ pa. Dókítà ń wo aago, àwọn ọmọ ń tẹ fóònù.

Ti ọ̀sẹ̀ kejì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ǹjẹ́ ẹ kò gbà pé ìkà paraku ni Ẹfúnṣetán?" Ẹ gbà mí o! Ta ni yóò wo ojú ẹni tí máàkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó ní òun ò gbà? "A gbà, sà," ni gbogbo wọn fi dáhùn. Ṣé ìjíròrò nìyẹn, àbí ìbúra?

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀ tó lè dá ìjà sílẹ̀! Nínú eré Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ. Ẹ wá ṣí ìwé ìtàn Samuel Johnson, èyí tó jáde ní 1921: ẹrú rẹ̀ ló pa á nínú yàrá rẹ̀ ní 1874, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, ti gba oyè Ìyálóde lọ́wọ́ rẹ̀. Kí sì ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án? Kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀. Kí ló wá dé tí òǹkọ̀wé fi gba ikú yìí kúrò lọ́wọ́ ẹrú? Ta ni ìyípadà yẹn gbè, Látòósà ni àbí Ẹfúnṣetán? Ẹ bi ọmọ méjì tó ti kàwé náà ní ìyẹn, kí ẹ wò ó bí wọn ò ní máa ṣí ojú ìwé han ara wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tí kò kà á ò ní rí ẹnu fi sí i.

Àmọ́ dókítà wa ò fẹ́ wàhálà. Wọ́n ní ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ bá ti ju ẹyọ kan lọ, máàkì rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ọdọọdún ló ń bi wọ́n ní "Ta ni Adétutù?" Ìdáhùn ti wà lọ́dọ̀ onífọ́tòkọ́pì ẹnu géètì, wọ́n ń tà á. Ẹ ò rí ayé!

Mo sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Aṣọ ẹbí ti jáde, aláwọ̀ ewé. Èmi ti rán tèmi.