Òjò Á Gbé E Lọ

Ọkùnrin kan wà ní gbogbo òpópónà Abúlé Adó ní Èkó. Bí ẹ ò bá rí i ní tiyín, ó wà ní èyí tó tẹ̀ lé e. Àárọ̀ Sátidé ló máa ń jáde: ṣòkòtò péńpé, síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti ya lábíyá, sílípáàsì tí ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ òsì. Yóò ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu, yóò ṣí búùtù, yóò tan orin débi tí ará ilé kẹta ò ní gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń bá a sọ mọ́. Yóò wá ṣe bí ẹni ń ká ọwọ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ síńgílẹ́ẹ̀tì ò lápá. Inú mọ́tò ló fẹ́ tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀. Orúkọ tó fẹ́ káwọn ọmọ àdúgbò máa pe òun nìyẹn, owó díẹ̀díẹ̀ ló sì fi ń rà á lọ́wọ́ wọn.

Mi ò bá mọ́tò jà. Ẹni tó bá ń ti Abúlé Adó gba títì Badagry lọ sí Mile 2 lójoojúmọ́ ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìdọ̀tí. Òjò kó ẹrẹ̀ wá, ẹ̀ẹ̀rùn kó eruku wá, èéfín tírélà tó ń lọ sí Tin Can ò sì mọ ìgbà kankan. Tòkúnbọ̀ tí èèyàn fi owó àjọ rà, ó yẹ kó gbá a, ó yẹ kó nù ún. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìmọ́tótó ọkùnrin yìí kì í kọjá ilẹ̀kùn mọ́tò. Ibi tí ilẹ̀kùn bá pa dé, ibẹ̀ layé parí sí lójú rẹ̀. Gbogbo ohun tó kù níta, ààtàn ni.

Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọ rẹ̀ (ó ní ọmọ náà ò lò ó mọ́, àmọ́ ọmọ ṣì ń wá a nínú ilé), ó ń fi í họ ihò tí atẹ́gùn ẹ́síì ń gbà jáde, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó tún fẹ́ ẹ. Ó mú igi olówùú tí wọ́n fi ń ro etí, ó fi yí ìdí jíà po títí òwú fi dúdú. Ó wá ki ọwọ́ bọ àárín síìtì àti háńbíréèkì dé ìgbọ̀nwọ́, ó kọjú sókè bí agbẹ̀bí tó ń wá orí ọmọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó sì ń kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́ òsì lọ́kọ̀ọ̀kan: èèpo ẹ̀pà, ọ̀rá Gálà, igi súyà, egungun adìẹ tó ti funfun, ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí wọ́n lọ́ pọ̀, káàdì fóònù láti ayé ìgbà tí a ṣì ń họ káàdì, ìdérí ìgò, pílásítà tí irun ti lẹ̀ mọ́. Náírà márùn-ún kan wà láàárín wọn. Ìyẹn ló yọ sọ́tọ̀, ó nà án lórí itan, ó fi í sápò. Ìyókù, ó pa ọwọ́ dé, ó rọra bọ́ sílẹ̀ kí ẹyọ kan má bàa já sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó rìn dé etí gọ́tà, ó sì la ọwọ́.

Gbogbo rẹ̀ bọ́ sómi. Kò tiẹ̀ wò ó. Dírọ́ọ̀mù ìdalẹ̀nù wà lẹ́yìn géètì rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi bo jẹnẹrétọ̀ kí òjò má pa á.

Bí ẹ bá bi í léèrè, èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀: "Òjò á gbé e lọ."

Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ó ti sú mi. Ó ń sọ ọ́ ní oṣù Kẹfà, tí òjò ń rọ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ jẹ́ ká gbà fún un. Ó tún ń sọ ọ́ ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti bó ètè gbogbo wa, tí òjò kankan ò sí lọ́nà. Láàárín ìgbà yẹn, ìdọ̀tí rẹ̀ á dùbúlẹ̀ sínú gọ́tà, á máa dúró de òjò gẹ́gẹ́ bí àdéhùn, ẹ̀fọn á máa yé sí i. Omi ọṣẹ tó ti ki bí ọbẹ̀, òjò á gbé e lọ. Àkísà tó fi nu dáṣíbọ́ọ̀dù, ike ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ègé fóòmù tó jáde lábẹ́ síìtì, òjò á gbé e lọ. Ó ra mátì ẹsẹ̀ tuntun ní Trade Fair. Odidi mátì rọ́bà mẹ́rin àtijọ́, ó ká wọn pọ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì wọ́n sábẹ́ sílàábù gọ́tà. Òjò á gbé e lọ. Òjò wo? Tí Nóà ni àbí èwo?

Ìyá àgbà kan tó ń ta àkàrà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa gòkè wá bá a lọ́jọ́ kan, ó rọra kúnlẹ̀ díẹ̀, torí Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀ ní mọ́tò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, gọ́tà yìí mà ti ń dí o."

"Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Òjò á gbé e lọ."

"Níbo ni yóò gbé e lọ, ọmọ mi?"

Ó fi àgbọ̀n júwe ìsàlẹ̀ òpópónà. "Níwájú níbẹ̀ yẹn."

Níwájú níbẹ̀ yẹn, ilé màmá ni.

Ẹni tó bá ń gbé agbègbè wa tí kò mọ̀ pé orí àbàtà là ń gbé, kò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀ rí. Ilẹ̀ wa tẹ́, omi ò yára rìn. Àwọn tó yàwòrán Festac lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní 1977, mọ ìyẹn. Wọ́n la kànáàlì síbẹ̀ kí omi lè rọ́nà lọ. Lónìí, ewéko ti bo ojú kànáàlì, ọ̀rá àti ike ti dí ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tí òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011 rọ̀ ní Èkó, ó pa èèyàn, ó wó ilé. Ó gbé ohun tó pọ̀ lọ lóòótọ́. Ìdọ̀tí ló gbé padà wálé.

Omi a sì máa wọ inú mọ́tò Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀ náà. Lọ́jọ́ tí gọ́tà bá bì, tí omi dúdú bá gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tó ń gbá pẹ́dà bíréèkì lẹ́sẹ̀, ẹ wá gbọ́ ariwo! "Ìjọba yìí ò ṣe nǹkan kan!" Á yọ fóònù, á ya fídíò, á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tó wà. Ọ̀rá Gálà tirẹ̀ ń léfòó kọjá nínú fídíò náà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, á tún kó garawa jáde.

Ẹ wá wò ó, kò tiẹ̀ mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣe. Garawa omi ló ń dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, omi bọ́hòòlù tí gbogbo ayálégbé jọ dáwó iná tí wọ́n fi fà á. Kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò kò dà bí èyí tí wọ́n tẹ́ sí pálọ̀: fóòmù wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń mu omi, tí kì í sì í tètè gbẹ, wáyà sì gba abẹ́ ẹ kọjá lọ sí ibi púpọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ gbá a gbẹ, á fi ìfófòó ọṣẹ nìkan kùn ún, á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, á fi àkísà gbígbẹ fa omi rẹ̀ jáde, á sì ṣílẹ̀kùn fún oòrùn. Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀ á dà á, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á ti ilẹ̀kùn pa kí eruku má bàa wọlé. Tó bá di ọjọ́ kẹta, inú mọ́tò á máa rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tó sùn sínú bàtà. Ó wá ń so lọ́fínńdà mọ́ díńgí, ọ̀kan, èkejì, títí tí ẹni tó jókòó níwájú fi ń fi imú mí láàbọ̀. Ó ń fi bílíìṣì fọ bẹ́líìtì ìjókòó kó lè funfun. Òwú bẹ́líìtì ń kú díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó ń kú ní mímọ́. Rẹwáyà tó ń tún wáyà mọ́tò tí omi bàjẹ́ ṣe ti kọ́ ilé dé òrùlé.

Ọ̀ràn kan wà tí mi ò lè fi ṣẹ̀rín. Bí àbàwọ́n bá kọ̀ tí kò jáde lára síìtì, epo bẹntiróòlù ló ń rẹ àkísà sí. Bẹntiróòlù! Nínú mọ́tò, tí orin ń lọ, tí iná wà nínú bátìrì, tí fóònù ń dún lápò rẹ̀. Òórùn epo yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń sùn sí, ìtapàrà kékeré kan ló sì ń dúró dè. Abúlé Adó ló ti ń ṣe é o. Abúlé Adó, níbi tí a ti jí ní Sunday, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, tí ìbúgbàù sì wó ilé lulẹ̀ ní Soba, tó pa èèyàn tó lé ní ogún. NNPC ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ló lọ kọ lu sìlíńdà gáàsì tí wọ́n tò jọ sítòsí páìpù epo. Ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College bá a lọ, Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, sì kú níbi tó ti ń gbìyànjú láti gba àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ là. Ọ̀gá Ọlọ́kọ̀ gbọ́ ìró yẹn. Gíláàsì fèrèsé rẹ̀ fọ́. Ó tún rẹ àkísà sínú epo.

Láti ayé ìjọba ológun Bùhárí àti Ìdíàgbọn la ti mọ ìmọ́tótó àyíká. Ní Èkó nígbà náà, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn, oníkálukú á sì jáde gbá iwájú ilé rẹ̀. Ta ló gbádùn wákàtí mẹ́ta yẹn tó ọkùnrin yìí? Àwọn yòókù ń kó ẹrẹ̀ jáde nínú gọ́tà, òun ń kó ti mọ́tò rẹ̀ sínú gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Nígbà tí ilé ẹjọ́ sọ pé dídí èèyàn lọ́nà láti rìn kò bófin mu, tí ìjọba sì fagi lé ìmọ́tótó náà ní oṣù Kọkànlá 2016, ó bínú gan-an. Ó ní ìlú ti bàjẹ́. Nígbà tí ìjọba tún fòfin de ike fóòmù tí wọ́n fi ń di ìrẹsì ní oṣù Kìíní 2024, ó tún bínú. Ó ní wọ́n fẹ́ fìyà jẹ mẹ̀kúnnù.

Ẹ má bèèrè nípa àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀rá tí mọ́tò wọ̀ dé láti Kùtọnu ṣì wà lórí síìtì ẹ̀yìn. Tí oòrùn bá mú, á máa bó itan àwọn ọmọ. Wọn ò gbọdọ̀ mu omi níbẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, ó ní kó dúró kóun kọ́kọ́ tẹ́ àpò ìrẹsì sórí síìtì. Ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká bo ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò mọ̀ ni. Bó bá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Peckham, nílùú London, bébà súìtì kan ṣoṣo, á dì í mọ́wọ́ la òpópónà já títí yóò fi rí ibi tó yẹ kó jù ú sí. Ó mọ̀ ọ́n. Òyìnbó ló ń bọ̀wọ̀ fún. Àwa aládùúgbò rẹ̀, ó ń fojú tín-ín-rín wa ni, mi ò sì ní pe ìwọ̀sí ní àìmọ̀kan nítorí pé ó ní mọ́tò. Ẹ wò ó lọ́jọ́ Sunday tó bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀: ó jẹ Gálà tán ní ibùdókọ̀ Trade Fair, ó yí gíláàsì sílẹ̀ níwọ̀n ìka mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ yọ síta, ọ̀rá fò, gíláàsì gòkè padà. Ó fẹ́ kí inú mọ́tò wà ní mímọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ sì ń gbé nítòsí rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un kó kó ìdọ̀tí mọ́tò rẹ̀ sápò, kó gbé e sí ẹnu géètì fún àwọn PSP tó ń kó ilẹ̀. Bí wọ́n bá sì fo ilé rẹ̀ kọjá, kó má pariwo. Ó jẹ wọ́n lówó oṣù mẹ́jọ.