Àgbẹ̀ Tí Kò Mọ Ọkọ́ Dì Mú

Ẹ gbà mí! Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú ń rí ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ tí owó-orí ilé ti ga jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni o. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn olówó ti ń di àgbẹ̀ lọ́sàn-án gangan!

Ní 1964 ni wọ́n ṣòfin pé iye tí oko lè mú wá ni kí wọ́n fi ṣírò owó-orí ilẹ̀ àgbẹ̀, kì í ṣe iye tí àwọn tó ń kọ́lé tà máa ra ilẹ̀ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀, kí àgbẹ̀ má baà ta oko bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó rọ́ wọlé! Éékà 5 péré ti tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjà $500 lọ́dún ló gbà. Lẹ́yìn ariwo, òfin 2013 sọ ọ́ di $1,000 fún oko ọ̀gbìn.

Onígbó ńkọ́? Kò ní gbin ewúro kan o! Onímọ̀ igbó á kọ ètò ìtọ́jú fún un, onígbó á gé igi ìdáná díẹ̀ tà, owó-orí igbó á sì já wálẹ̀. Bó bá wá tà á fún akọ́lé lọ́la, kìkì àjẹsílẹ̀ ọdún yẹn àti ti ọdún 2 tó ṣáájú ni wọ́n máa gbà padà. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Ẹ má sì rò pé mẹ̀kúnnù ni wọ́n. Ní 1993, tí Christine Todd Whitman ń du ipò gómìnà, wọ́n ta ẹ̀dínwó àgbẹ̀ tó ń gbà sí i lójú. Ó sì wọlé! Ní Bedminster, ewúrẹ́ àti koríko gbígbẹ ni ilé gọ́ọ̀fù Donald Trump fi gba tirẹ̀. Ìwé ìròyìn ló kọ ọ́ o, kì í ṣe ẹnu mi.

Owó ilé-ìwé ìlú, tí wọ́n ń fi owó-orí ilé san, kò kúkú dín. Ohun tí olówó yẹ̀ sílẹ̀, orí aládùúgbò ni wọ́n ń pín in lé. Ọmọ Yorùbá tó ra ilé kékeré sí ìlú Irvington ní New Jersey níbẹ̀, igbó wo ló fẹ́ sá sí?

Wọn ò rú òfin, mo gbà. Ìtìjú ni wọn ò ní. Ẹni tó ń tọ́jú igbó tọkàntọkàn, kó máa jẹ ẹ̀dínwó rẹ̀ lọ. Ẹni tó kàn ń ta ìdì igi kí owó-orí lè fò ó, kó lọ san gbèsè ìlú.