Owó Ọwọ́ Wíwẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ yọ wáyà létí, kí ẹ jókòó dáadáa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi bàbá yín kò ní jókòó sí Brooklyn yìí, tèmi ti ewú orí àti ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì já ní koro, kí n máa wo ìran yín bí ẹ ṣe ń fi ojoojúmọ́ jìnnà sí ìwà àwọn baba ńlá yín. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń fi ìsinmi ìgbà ooru ṣe. Ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn.

Iṣẹ́ kọ́ ni mo bá jà, owó tí wọ́n ń san fún yín níbẹ̀ ni. Láyé tiwa, ọmọ tí yóò bá kọ́ iṣẹ́ ìlera, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni wọ́n ń mú un lọ, tòun ti obì àti ọtí. Yóò ro oko ọ̀gá, yóò pọn ọmọ ọ̀gá, yóò gún egbò igi títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò fi le koko, ọ̀pọ̀ ọdún yóò sì kọjá kí wọ́n tó fi ewé kan ṣoṣo hàn án pé báyìí la ṣe ń já a. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fún un ní ìyọ̀ǹda, òun náà ni yóò tún sanwó. Wọ́n nà án, ó sanwó, ó dúpẹ́.

Ní New York ńkọ́? Láti ọdún 1963 ni ìlú yìí ti ní ètò iṣẹ́ ìgbà ooru kan fún ọ̀dọ́, tí wọ́n ń pè ní Summer Youth Employment Program, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú oṣù Keje àti Ìkẹjọ, fún ọmọ ọdún 14 títí dé 24. Àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ ju ààyè tó wà lọ, kèké ni wọ́n fi ń mú wọn. Kèké! Ọmọ ọdún 16 tí kèké bá mú lè ṣe wákàtí 25 lọ́sẹ̀, kí ó sì gba 16.50 dọ́là lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe san án lọ́dún 2025. Ẹni tí kò bá tíì pé 18, òbí ní láti fọwọ́ síwèé, dókítà ní láti jẹ́rìí pé ara rẹ̀ le. Dókítà yóò kọ́kọ́ yẹ ọmọ wò, kí ọmọ tó lọ máa ran dókítà lọ́wọ́.

Mo pe ọmọ ọmọ mi tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò, mo ní kí ó kúnlẹ̀ kí ó ròyìn ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ wíwẹ̀ ni: omi, ọṣẹ, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná, kò gbọdọ̀ dín ní ìṣẹ́jú-àáyá 20. Mo mí kanlẹ̀. Àwọn baba wa, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í lọ sílẹ̀ lásán, ti sọ ọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Oúnjẹ la ṣèlérí. Ta ló sọ̀rọ̀ dọ́là?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa tẹ àyà ọmọláǹgidi, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, bí ẹni ń jí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní, ṣé ó jí? Ó ní rárá. Wọ́n sanwó ìyẹn náà.

Mo ní kò burú, kí ọmọ kúkú fi iṣẹ́ yìí ṣe ilé láǹfààní. Mo bi í pé ta ló rí níbẹ̀. Ṣé ìyàwó alága ẹgbẹ́ wa wá, kí ló sì ń ṣe é? Ó ní, “Bàbá àgbà, ẹ má bínú, òfin ò gbà mí láyè.” Ó ní láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti ní òfin HIPAA, tí kò jẹ́ kí ilé ìwòsàn gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn síta, ìbáà jẹ́ láti ẹnu ọ̀gá dókítà, ìbáà jẹ́ láti ẹnu ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń to fáìlì. Mo mọ̀ pé àwọn oníṣègùn ìgbàanì náà kì í tú àṣírí. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi pa mọ́ fún bàbá wọn.

Èyí tó wá bí mi nínú jù nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ yìí kan náà mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò délé, ó ní òun fẹ́ fi mí dánra wò. Ó ní kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n má fi ẹsẹ̀ kọ́ra, kí n gbé apá lé tábìlì kó ṣe déédéé àyà, kí n sì jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Èmi! Àgbà tó ń la ìjà tọkọtaya lórí fóònù láti New Jersey títí dé Staten Island, tí wọn kì í pín ogún bí kò bá tíì lanu, òun ni ọmọ tó ṣì ń lo wáyà eyín ní kó pa ẹnu mọ́. Mo pa á mọ́, nítorí ọ̀làjú. Ẹ̀rọ náà fún mi lápá, ó tú mi sílẹ̀, ọmọ náà ní nọ́ńbà òkè jẹ́ 138, pé ó ti ga. Mo ní 140 ni àlà tí mo mọ̀. Ó ní àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti sún un wá sí 130 láti ọdún 2017. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: ẹ̀jẹ̀ mi dúró síbi tó wà, àlà ló rìn wá bá a, bí ìgbà tí ọmọ onílẹ̀ bá hú òpó ilẹ̀ lóru. Ó tún ní iyọ̀ òòjọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, tòun ti èyí tó fara pamọ́ sínú búrẹ́dì àti Maggi. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ohun tí mo rí lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà ni pé ó ti gbé àwo ẹ̀gúsí mi lọ.

Nígbà tí owó àkọ́kọ́ wọlé, ó fajú ro, ó ní kò pé. Mo gba ìwé tó bá owó náà wá, mo wọ awò ojú mi. Wọ́n yọ 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún fún Social Security, tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n yọ 1.45 fún Medicare, tí wọ́n fi ń tọ́jú àwa tí a ti lé ní ọdún 65. Ayọ̀ gbé mi dìde. Ó pẹ́ tí mo ti ń wí fún àwọn òbí yín pé owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ, àgbà ló ni ín, kí wọ́n kó o wá kí a súre sí i. Wọ́n ní ayé ti yí padà. Washington kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni iye tó tọ́. 7.65 ti kéré jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí kèké bá mú lọ́dún tó ń bọ̀, káàdì tí owó yín bá ń gbà wọlé, ẹ mú un tọ̀ mí wá kí n gbàdúrà sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ sí bébà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àdúrà lè ráyè wọlé.