Mílíọ̀nù Tó Gba Ọwọ́ Mi Kọjá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé ọmọ Yorùbá dúró ní gbangba, ó ń làágùn, ó ń fi gbogbo agbára ṣàlàyé pé òun ò lówó, tí wọn ò sì gbà á gbọ́? Látọjọ́ tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń bo àṣírí ara mi. Mò ń ra aṣọ ẹbí láwìn kí n má baà tẹ́. Ọjọ́ tí mo wá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọwọ́ mi ò tó nǹkan, gbogbo aṣọ ẹbí yẹn ló jẹ́rìí takò mí.

POS ni mò ń ṣe, lábẹ́ agbòòrùn, nítòsí ọjà kan n'Ìbàdàn. Ìyá àwọn ọmọ mi pè mí lẹ́jọ́ sí kóòtù ìbílẹ̀, ó ní kí n máa san ₦60,000 lóṣù fún ọmọ méjì. Mo ní ₦15,000 lagbára mi ká. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ bọ́ wọn o, ọmọ mi ni wọ́n. Iye tó ń wọlé fún mi la ń jà lé lórí.

Ẹ ó ní kí n gba lọ́yà. Èyí tí mo lọ bá ní ₦150,000 lòun máa gbà. Bí mo bá rí ₦150,000 kó fún ẹni tó máa bá mi sọ fún kóòtù pé mi ò lówó, ṣebí èmi fúnra mi ni mo pa ẹjọ́ mi yẹn? Bí mo ṣe ní ẹnu tèmi náà á tó o nìyẹn.

Mo ka òfin. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2006, sọ pé òbí á gbọ́ bùkátà ọmọ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Bírò pupa ni mo fi fa ìlà sábẹ́ "bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ". Ti àwọn tó fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísírì yàtọ̀ sí tiwa tá a ṣe ìdána lásán. Ilé ẹjọ́ gíga ni wọ́n ń lọ, òfin ọdún 1970 ló ń dá ẹjọ́ wọn, òun sì ní kí wọ́n wo owó tí èèyàn ní, kí wọ́n tún wo èyí tó lágbára àtirí. Ọlọ́run ló bá mi yẹ tèmi sí kóòtù ìbílẹ̀. Ta ló mọ iye tí mo lágbára àtirí? Ìyá mi ṣáà ní mo lè di gómìnà.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí irú ẹ̀ bá. Ìṣirò ni tiwọn: ọmọ kan, 12 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé lọ́sẹ̀; ọmọ méjì, 16; ọmọ mẹ́ta, 19, títí owó ọ̀hún fi máa dé £800. Àwọn agbowó-orí ló ń sọ iye tó ń wọlé. Òun náà ń ráhùn pé owó ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ń ṣírò tòun, àti pé àfi tí owó òun bá fi ìdá kan nínú mẹ́rin yí padà kí wọ́n tó tún un wò. Èmi ń jowú ẹ̀. Níbi tiwa, kò sẹ́ni tó mọ iye tó ń wọlé fún mi, ó sì níbi tí èmi gan-an mọ̀ ọ́n dé.

Kóòtù ní kí n mú ìwé àkáǹtì oṣù mẹ́fà wá. Mo mú un wá tọkàntọkàn. Màmá tó jẹ́ ààrẹ kóòtù ṣí i dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Bàbá, mílíọ̀nù méjìdínláàádọ́ta. Nínú ẹ̀ lẹ ti fẹ́ yọ ₦15,000?"

Gbogbo kóòtù hó yèè. Ìyá arúgbó kan tó wá fún ẹjọ́ ilẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wa ò kàn rárá, pòṣé sí mi.

Mo ṣàlàyé títí. Ẹni tó bá gba ₦10,000, ₦200 ni mò ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ á yọ ₦50 níbẹ̀. Owó kì í sí nínú ATM, ilé epo ni mo ti ń wá owó, àwọn náà á gba tiwọn. Owó àyè ń bẹ, owó ọjà ń bẹ, alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ń bẹ. Ohun tó ń kù lóṣù, bóyá ni ó pé ₦75,000, kò tó ₦80,000 tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń san fún òṣìṣẹ́ tó kéré jù. Mo ní, "Olúwa mi, kásíà báńkì tó ń ka mílíọ̀nù láti àárọ̀, ṣé tiẹ̀ ni?" Màmá ní kásíà ní ìwé owó oṣù, kí n mú tèmi wá.

Ìyá àwọn ọmọ mi wá rántí 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó di góòlù nílùú. Ó ní mo gba ₦1,000 lórí ₦5,000 nígbà yẹn. Ó rántí! Ọjọ́ ìbí mi ni kò rántí rí. Ó tún na fóònù sí wọn: èmi rèé nínú léèsì níbi ìgbéyàwó, mò ń lẹ owó mọ́ onílù lórí. Kí ni kí n sọ? Bí mo bá ní èmi kọ́, irọ́ ni. Bí mo bá ní èmi ni, òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ńlẹ̀ fún ẹni tó bá ń ná owó báyìí. Mo kàn ń wo àjà.

Ẹlẹ́rìí tèmi ló wá parí ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe nítòsí mi ni. Mo ti kọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kó ṣáà sọ pé nǹkan ò dán mọ́rán fún mi. Ó di Bíbélì mú, ó búra, ojú ẹ̀ bá ti ìyá àwọn ọmọ mi pàdé, ni ìtìjú mi bá ń ṣe é. Ó ní, "Olúwa mi, mi ò ní purọ́. Ọ̀rẹ́ mi yìí kì í ṣe èèyàn kékeré ládùúgbò wa. Ẹni tí ìṣòro bá bá, òun ló ń sáré lọ bá. Bọ̀rọ̀kìnní ni." Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Mò ń ṣẹ́jú sí i, ó rò pé mò ń kí òun kúuṣẹ́ ni, ó bá fi kún un pé èmi ni mo ra ẹran ìkómọ òun. Ẹran yẹn, àwìn ni. Alápatà ṣì ń bá mi fà á.

Wọ́n dá a sí ₦30,000 lóṣù, kí àwa méjèèjì jọ pín owó ilé ìwé. Akọ̀wé kóòtù ní àkáǹtì ìyá àwọn ọmọ ni kí n máa fi í ránṣẹ́ sí, kí àkọsílẹ̀ lè wà. Mo fi ti oṣù àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Kò pẹ́, ta ni mo rí lábẹ́ agbòòrùn mi tó na káàdì sí mi? Ìyá àwọn ọmọ mi ni, ó fẹ́ gba ₦30,000. Mo ka owó fún un, mo ní ₦600 ni tèmi níbẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé orí owó oúnjẹ ọmọ ara mi ni mo tún ti fẹ́ jẹ èrè. Àwọn oníbàárà tó tò sẹ́yìn ẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Mo fi ₦600 sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ò fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n yọ ₦100 wọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkáǹtì mi pé ₦30,000 mìíràn wọlé.