Ẹ Má Na Pẹ́ńsù, Kò Ṣẹ̀ Yín

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lọ́sẹ̀ yìí, àìsàn kan náà ló sì ń ṣe àwọn tó kọ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé tòun ni kò gbóògùn. Àkọ́kọ́ wá láti ọwọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpetumodù, tó pe ara rẹ̀ ní Ẹni-Ìyá-Àgbà-Fi-Rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ya àmù ìyá àgbà òun tó ń mọ ìkòkò, màmá wo àwòrán náà sókè sódò, wọ́n ní, "Ta ló jókòó lé àmù mi?" Ọmọ náà ń béèrè irú pẹ́ńsù tó yẹ kí òun rà.

Ọmọ mi, fi owó rẹ ra búrẹ́dì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé: o ya ẹnu àmù ní roboto, o wá fa ìlà gbọọrọ kan sídìí rẹ̀ bí ẹni fi rúlà fà á. Kò síbi téèyàn lè dúró sí tí yóò ti rí méjèèjì pọ̀. Bí ẹnu àmù bá rí roboto lójú rẹ, a jẹ́ pé òkè rẹ̀ gan-an lo ti ń yọjú wo inú rẹ̀, o ò sì lè rí ìdí rẹ̀ níbẹ̀. Bí ojú rẹ bá wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ẹnu náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín méjèèjì ni ẹnu náà ti ń là, tó ń pa dé díẹ̀díẹ̀, láìní igun kankan létí, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ fẹ́ ṣe é ní ṣóńṣó tó. Èyí tó wá burú jù ni ti ìdí. Àmù tí wọ́n ń mọ ní Ìpetumodù kì í ní ìdí pẹlẹbẹ; roboto nìdí rẹ̀, òun ló fi ń jókòó lórí òṣùká tàbí nínú yanrìn. Inú ilé tí àmù kún lo ń gbé, síbẹ̀ korobá lo yà! Ojú rẹ kò bá ọ ṣiṣẹ́ rárá ni. Orí rẹ ti mọ̀ pé ẹnu ìkòkò a máa rí roboto, ó gbà pé ohun tó bá fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ ní ìdí pẹlẹbẹ, ló bá pàṣẹ fún ọwọ́ kí ojú tó débẹ̀. Ohun tí o mọ̀ lo yà, o ò ya ohun tí o rí. Inú èyí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán yíyà ti ń jáde.

Wo màmá lẹ́nu iṣẹ́. Amọ̀kòkò wa kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yí ìkòkò ká, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ á máa fa amọ̀ sókè, ojú á máa ṣọ́ etí rẹ̀. Ó ti mọ ìkòkò tí kò lóǹkà, síbẹ̀ kò jẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó mọ lánàá. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọ̀la, dojúbolẹ̀ sí àgbàlá títí ojú rẹ yóò fi wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ẹnu àmù, kí o yà á. Kúnlẹ̀, kí o tún un yà. Gun àpótí, kí o yà á lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí o fi ń dọ̀bálẹ̀ fún àmù, sọ fún un pé ò ń tọrọ àforíjì ohun tí o ṣe fún un lọ́jọ́sí.

Láti Mòórò ni Àfẹ́sọ́nà-Tí-Wọ́n-Ti-Bulọ́ọ̀kì ti kọ̀wé. Ó ya ọmọge rẹ̀ fún ọjọ́ ìbí, láti ọjọ́ náà ni fóònù kò ti wọlé mọ́. Arákùnrin, o gé agbárí ọmọ ọlọ́mọ dànù. Bí a bá wọn orí èèyàn láti àtàrí dé àgbọ̀n, àárín gbùngbùn ni ojú wà; ìwọ gbé e lọ síbi tó yẹ kí iwájú orí wà. Mo mọ ohun tó fà á. Ojú, imú àti ètè ni ọkàn rẹ fà sí, iwájú orí kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá ọ sọ, lo bá fún un ní ààyè tó kéré bí ìfẹ́ tí o ní sí i. Na apá rẹ gbọnrangandan, mú pẹ́ńsù dání, di ojú kan, kí o fi àtàǹpàkò wọn ìlàjì orí. Má ṣe é ní gáréèjì, wọ́n á ní ò ń ṣẹ́jú sí ìyàwó oníyàwó. Tàbí kí o dorí fọ́tò rẹ̀ kodò kí o tó yà á, bí Betty Edwards ṣe gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1979: bí ojú bá ti dorí kodò, ọpọlọ kò tètè rí ohun tó mọ̀ níbẹ̀, ó di dandan kó máa wo ìlà. Kìkì pé kí màmá rẹ̀ má ká ọ mọ́ ibi tí o ti dorí ọmọ wọn kodò.

Ṣùgbọ́n arákùnrin yìí ti pèsè àwíjàre sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà àwọn baba wa lòun ń tọ̀, pé ṣebí àwọn náà a máa ṣe orí ère ní ńlá. Òótọ́ ni pé wọ́n ń ṣe é. Ère idẹ ọba tí wọ́n hú jáde ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1957, orí rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí àgbàlagbà kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú méje lọ. Ṣé àìmọ̀kan ni? Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń walẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmoníjẹ̀, Ifẹ̀ yìí kan náà, àwọn orí idẹ mìíràn jáde, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó orí èèyàn gan-an, tí ìpéǹpéjú àti ètè wọn rí bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìlú tó mọ bí orí ṣe rí tó báyìí kò ṣèèṣì ṣe é ní ńlá. Orí ni wọ́n ń gbé ga, wọ́n mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń rú. Ìwọ lọ wo ìwọ̀n ná. Ọjọ́ tí o bá lè ya orí ọmọge yẹn bó ṣe rí, o lè sọ ọ́ dà bó ṣe wù ọ́, a ó sì gbà pé àṣà ni.

Ẹ̀kẹta ni tiṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ẹdúnàbọ̀n. Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Ẹ ní ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí irun ìpéǹpéjú, ẹ tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ dáadáa, nígbà tí ẹ sì dé àgbọ̀n, bébà ti tán. Lẹ́yìn náà íréésà lu bébà jáde. Ẹ wá ní kò sí ẹ̀bùn yìí nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀jẹ̀ yín kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ń dá kọ́ ara rẹ̀ nípa ṣíṣe àdàkọ àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà. Ó lọ kọ́ ọ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ l'Ékòó. Bó ṣe tẹnu mọ́ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú tó, Mr Perspective ni àwọn ọmọ náà ń pè é. Ẹni tó bá gbà pé ẹ̀bùn nìkan ló tó kì í ṣe irú wàhálà yẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ fa bí odindi orí ṣe tóbi tó àti ibi tó tẹ̀ sí, kí irun ìpéǹpéjú dúró de ìgbà tirẹ̀. Bí ìlà bá ṣì lọ, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ fa èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; láìrí èyí tó ṣì, kí lẹ ó fi mọ ibi tí ẹ ó gbà? Íréésà náà, ẹ fún ọlọ́kadà tó bá ń lọ Yàkòyọ̀, ẹ má bi í lórúkọ.

Ní ti ìbéèrè yín bóyá kí ẹ jókòó ya ìyá àwọn ọmọ yín: ẹ yà wọ́n sà. Gbogbo ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ yà, àyàfi ìhunjọ abẹ́ àgbọ̀n. Níbẹ̀ yẹn, ohun tí ẹ mọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni kí ẹ yà.