Alágbádá Lábẹ́ Afárá Rélùwéè

Ìṣirò tí mo fi ra háíbíríìdì kò le rárá. Ọkọ̀ yòókù ní ẹ́ńjìnnì kan. Tèmi ní méjì, ọ̀kan ń mu epo, èkejì ń jẹ iná. Kí ni yìnyín Chicago fẹ́ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Nígbà tí mẹkáníìkì ní kí n ra táyà ìgbà òtútù, mo wò ó bí mo ṣe ń wo gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jẹ mí lówó. Èmi tí mo ti wakọ̀ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ Ìbàdàn!

Ohun tí ọkùnrin náà ń sọ ni pé torí àtidín epo kù ni wọ́n ṣe ṣe táyà tó bá ọ̀pọ̀ háíbíríìdì wá. Ó ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kì í di ilẹ̀ mú púpọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá sì ti tutù ju nǹkan bíi 7°C lọ, rọ́bà tí wọn kò ṣe fún òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ti ìgbà òtútù ṣì máa ń rọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ì báà jẹ́ mẹ́wàá, táyà nìkan ló ń kan ilẹ̀.

Sátidé kan nínú oṣù Janúárì, à ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní ìhà gúúsù ìlú. Mo wọ agbádá léèsì àti bàtà dídán. Ìyàwó mi wọ ìró àti bùbá, ó wá ki ẹsẹ̀ bọ bùútù yìnyín gàgàrà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé ọ̀nà.

Chicago tẹ́jú, ṣùgbọ́n àwọn òpópónà kan máa ń rì wọlẹ̀ láti gba abẹ́ afárá rélùwéè, kí wọ́n tó tún gòkè ní òdìkejì. Ibẹ̀ ni mo ti bá òkè tèmi pàdé. A sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Ní gígòkè, ọkọ̀ dúró. Mo ṣe ohun tí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kọ́ mi: mo tẹ tọ́tù kanlẹ̀.

Ẹ̀rọ oníná kì í ní sùúrù. Láti orí ìdúró ló ti ń yọ agbára. Táyà ń yí lójú kan. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí i pé ẹsẹ̀ ń yọ̀, ó gba agbára lọ́wọ́ mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gbà á. Àwòrán ọkọ̀ kékeré kan tó ní ìlà wíwọ́ nídìí wá ń ṣẹ́jú sí mi lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ṣàlàyé fún ìyàwó mi pé ọkọ̀ ń kìlọ̀ ni, pé ọ̀nà iwájú rí kọ́lọkọ̀lọ.

“Bàbá Tóbi, ọkọ̀ ń yọ̀ ni.”

Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá tì mí. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, òun ló wọ bùútù.) Ọkùnrin kan tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín níwájú ilé rẹ̀ ló gbà wá. Ó ní kí n rìfáàsì díẹ̀, ó kó yìnyín kúrò níwájú táyà, ó da yanrìn síbẹ̀, ó ní kí n kàn fi ẹsẹ̀ kan tọ́tù fẹ́ẹ́rẹ́. Ọkọ̀ bá rọra gòkè. Àlàyé bọ́tìnnì tí mo lè fi pa ọgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn fúngbà díẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀, ìwé náà sì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

A jẹ, a mu, ọmọ gba orúkọ. Mo ṣíwájú jáde kí ọkọ̀ lè móoru kí ìyàwó mi tó dágbére tán, ẹni tó bá sì ti lọ òde ìnáwó Yorùbá rí mọ bí ìdágbére ṣe ń gùn tó. Mo tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń sítáàtì ọkọ̀, n kò fi ẹsẹ̀ sórí bíréèkì. Iná tàn, rédíò ń kọrin, fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Kò dún, ṣùgbọ́n ṣebí háíbíríìdì kì í dún? N kò wo ibi tó yẹ kó kọ READY sí. Ká ní ó sítáàtì lóòótọ́ ni, ẹ́ńjìnnì elépo ì bá ti dún nínú òtútù yẹn, torí ooru ara rẹ̀ ni hítà ọkọ̀ náà ń lò. Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí epo tètè tán nígbà òtútù.

Bátìrì ńlá tó ju 200 fóòltì lọ wà nínú ọkọ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Kékeré, ti 12 fóòltì, ló ń jí kọ̀ǹpútà, òun sì ni rédíò àti fáànù mu gbẹ. Ọkọ̀ kú.

Mo pe àwọn ọkùnrin jáde wá tì í. Àwọn alágbádá ká ọwọ́ aṣọ, wọ́n tì, èmi ń pariwo, “Ẹ jẹ́ kó yára sí i!” Ọkọ̀ kò mira. Jíà wà ní Park, iná ló sì ń tú u. Kódà ká ní ó yí, háíbíríìdì mi kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí a lè fi tì í jí. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wọn yọ̀, ó fi ìdí jókòó sínú yìnyín, ó ní irú ọkọ̀ wo lèyí.

Wáyà tí à ń fi gba iná lára ọkọ̀ mìíràn wà nínú búùtù. Búùtù náà, iná ló ń ṣí i. Mo bá gba orí ìjókòó ẹ̀yìn, mo forí wọlé, agbádá há, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lókè. Ìyàwó mi ti dágbére tán nígbà yẹn. Fóònù ló yọ.

Fídíò náà dé orí WhatsApp ẹbí kí ọwọ́ mi tó kan wáyà. Àbúrò mi ní Ìbàdàn kò béèrè bóyá mo fara pa. Ó ní èló ni mo máa ta ọkọ̀ náà fún òun, pé àwọn kò ní yìnyín níbẹ̀.